Wákàtí Díẹ̀ ní Bahia: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ọmọ Yorùbá Tó Ń Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi Ìgbafẹ́

Ẹ̀yin ará mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Manchester, ní Houston, ní Èkó àti ní Ìbàdàn, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń dáwó jọ kí ẹ lè gbé ìyá yín lọ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún lórí omi, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ẹ ti rán aṣọ ẹbí tí ẹ máa wọ̀ jẹun alẹ́ nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ kí ẹ tó san owó tó kù.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tó máa ń gbéra láti Yúróòpù lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ máa ń yà sí Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn á gúnlẹ̀ láàárọ̀, wọn á sì ṣí kí ilẹ̀ tó ṣú tàbí kété tó bá ṣú. Tí ẹ bá yọ àkókò oúnjẹ àárọ̀ kúrò, tí ẹ yọ títò sórí ìlà láti jáde, tí ẹ sì yọ wákàtí tí wọ́n ní kí gbogbo èrò ti padà wọlé kí ọkọ̀ tó ṣí, ohun tó kù lọ́wọ́ yín lè má ju wákàtí mẹ́fà lọ. Nínú ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ máa rí ìrìn bọ́ọ̀sì tó ṣèlérí gbogbo ìlú fún yín láàárín wákàtí mẹ́rin: etíkun, ilé iná atọ́nà ọkọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, ọjà, àti ìlú àtijọ́ gba ojú fèrèsé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí bọ́ọ̀sì náà fi dára, torí mi ò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló ṣètò ìrìn náà, tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ wá dá yín dúró lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ojú omi á dúró dè yín. Ẹni tó bá dá lọ tó sì pẹ́, wọn kì í dúró dè é. Ọkọ̀ á ṣí, onítọ̀hún á sì fi owó ara rẹ̀ wá bààlúù tó máa gbé e lọ bá wọn ní èbúté tó kàn. Ìbẹ̀rù yìí ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì jù. Ṣùgbọ́n ní Salvador, ẹni tó bá dúró sí ibi tí mo fẹ́ júwe yìí kò ní ìdí láti bẹ̀rù, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa gbé e lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ló máa gbé e bọ̀.

Ìpele méjì ni ìlú náà. Ìpele ìsàlẹ̀ wà létí omi, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Comércio, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ yín máa so mọ́. Òkè gogoro kan dìde sókè lẹ́yìn rẹ̀, orí rẹ̀ ni àwọn Pọtogí tẹ ìlú dó sí lọ́dún 1549. Ìlú yìí ni olú ìlú Bràsíìlì títí di ọdún 1763. Ohun tó kan àwa ọmọ Yorùbá jù lọ ní gbogbo Salvador, orí òkè yẹn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, kò sì ju ìrìn díẹ̀ lọ láti ẹnu ọ̀nà èbúté. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé yín lọ wo etíkun ń gbé yín kúrò níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.

Ẹ sì mọ ìdí tí ibẹ̀ fi kàn wá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń túká, tí ogun ń jó ìlú dé ìlú nílẹ̀ wa, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gba orí òkun dé etí omi yìí kan náà. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ru ẹrù ní èbúté, àwọn ni wọ́n ń gbé ọlọ́lá nínú àga gun òkè náà, àwọn ni wọ́n ń kiri ọjà. Nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún méjì èrò mìíràn, ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ orúkọ tí wọ́n kọ sára ilé, sára bọ́ọ̀sì àti sára ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Kò sí owó tí ẹ lè san fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó máa fún yín ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí wákàtí díẹ̀ tó yín.

Ẹ jáde ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Tí ẹ bá kọjú sí Mercado Modelo, ilé ńlá aláwọ̀ òféèfèé tó wà létí omi, ẹ máa dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ọjà ohun ọnà ni báyìí. Àwọn kan máa ń sọ fún àlejò pé àjà ilẹ̀ ilé náà ni wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí. Ẹ fi etí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìtàn náà kò bá ọdún mu: ilé aṣọ́bodè ni wọ́n kọ́ ọ fún lọ́dún 1861, nígbà tí òfin ti fòpin sí kíkó ẹrú wọ Bràsíìlì láti ọdún 1850. Ìyà tó jẹ àwọn èèyàn wa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò àdàmọ̀. Ẹ má ra nǹkan kan níbẹ̀ ní àárọ̀. Ẹ ó tún gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ ò sì ní gbé ẹrù gun òkè.

Iwájú ọjà náà gan-an ni Elevador Lacerda wà, lífíìtì tó so ìlú ìsàlẹ̀ mọ́ ìlú òkè. Ọdún 1873 ni wọ́n ṣí i, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 72, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tó fi ń gbé èèyàn dókè. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ńlá bá wà ní èbúté, ìlà máa ń gùn níbẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ tètè jáde. Ẹ má gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ gun àwọn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ìlú gan-an kì í gbà á tí kò bá sí èrò níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù lọ nìyí, àwọn bọ́ọ̀sì kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá jáde nínú lífíìtì, ẹ máa bọ́ sí gbàgede kan. Ilé àtijọ́ tó ní òpó àti àwọn ẹnu ọ̀nà tí orí wọn ṣe róbótó tó wà níbẹ̀ ni ilé ìgbìmọ̀ ìlú. Lọ́dún 1835, ẹ̀wọ̀n ló wà nísàlẹ̀ ilé náà, bàbá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Pacífico Licutan sì wà nínú ẹ̀wọ̀n ọ̀hún. Nagô ni, Mùsùlùmí ni, àlùfáà tí àwọn èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún sì ni. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Olówó rẹ̀ ló jẹ gbèsè, wọ́n wá ti òun mọ́lé bí ẹrù tí wọ́n máa tà fi san gbèsè náà. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ti kó owó jọ kí wọ́n fi rà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n olówó rẹ̀ kọ̀.

Ní òru tó mọ́ ọjọ́ 25 oṣù Kínní ọdún 1835, nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn Mùsùlùmí Nagô àti àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń jìyà dìde. Ilé kan ní Ladeira da Praça, ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti gbàgede yìí kan náà, ni wọ́n ti tú jáde nígbà tí ọlọ́pàá wá já bá wọn. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ kọrí sí ni ẹ̀wọ̀n yẹn, láti gba bàbá wọn sílẹ̀. Wọn ò rí i gbà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ogun náà ti parí, ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Wọ́n yìnbọn pa àwọn kan lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n na àwọn kan, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú padà sí Áfíríkà. Licutan tó wà nínú àhámọ́ ní gbogbo òru náà kò bọ́: wọ́n dájọ́ pé kí wọ́n nà án ní pàṣán tó ju ẹgbẹ̀rún lọ.

Ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ lédè tí wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin tí ìdílé yín ń jẹ́ da Silva, Pereira tàbí da Rocha ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, ẹ mọ̀ pé ìbẹ̀rù àti ìnira tó tẹ̀ lé òru yẹn wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba òmìnira ara wọn wọkọ̀ padà sílé. Ẹni tó bá lọ sí Bahia tó sì padà láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí gbàgede yẹn, mo ka ìrìn àjò rẹ̀ sí òfo, bó ti wù kí fọ́tò rẹ̀ pọ̀ tó.

Láti ibẹ̀, ẹ rọra máa rìn gba Praça da Sé lọ sí gbàgede tí wọ́n ń pè ní Terreiro de Jesus. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, kò sì tẹ́jú. Ẹ má wọ bàtà gíga o, ẹ̀yin ìyá wa. Tí orúnkún Màmá bá ń dùn wọ́n, kí ẹnì kan bá wọn wọ takisí láti èbúté wá síbi gbàgede yìí tààrà, kí wọ́n jókòó lábẹ́ igi, kí ẹ̀yin tó kù wá bá wọn níbẹ̀. Kò yẹ kí àgbàlagbà fi gbogbo ọjọ́ jókòó sínú ọkọ̀ nítorí òkè.

Nínú ilé tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn nígbà kan rí, lórí gbàgede náà, ni Museu Afro-Brasileiro wà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1982. Ohun tó wà níbẹ̀ tí mi ò rí irú rẹ̀ rí ni pákó kédárì 27 tí Carybé gbẹ́ àwòrán àwọn òrìṣà sí. Ọmọ Argentina ni Carybé, ṣùgbọ́n Bahia ló fi ṣe ilé títí ó fi kú lọ́dún 1997. Gíga àwọn pákó náà ju èèyàn lọ. Ògún, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, Ọ̀ṣun, Ọya: oníkálùkù pẹ̀lú ohun ìjà rẹ̀, ẹran rẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ilé náà kì í fi gbogbo ọjọ́ ṣí, nítorí náà ẹ wádìí kí ẹ tó lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco tí wọ́n fi wúrà bo inú rẹ̀, tí gbogbo ìwé ìrìn àjò máa ń yìn, wà nítòsí ibẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan àjà rẹ̀ já lulẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2025, ó sì pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wá ṣàbẹ̀wò. Wọ́n ti ibẹ̀ pa. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣí i.

Ebi á ti máa pa yín báyìí. Ẹ má padà sínú ọkọ̀ lọ jẹun ọ̀sán tí wọ́n ti kà mọ́ owó yín. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn láti fi oúnjẹ tó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àkàrà ló ń dúró dè yín. Obìnrin tó wọ aṣọ funfun, tó wé gèlè, tó ti ìlẹ̀kẹ̀ bọ ọrùn, ló máa ń jókòó ti àtẹ rẹ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n bó ni, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pò ó pẹ̀lú àlùbọ́sà, wọ́n wá ń dín in nínú epo pupa gbígbóná. Tiwọn tóbi ju tiwa lọ. Wọn á là á láàárín, wọn á fi edé gbígbẹ sí i, wọn á fi vatapá sí i, ìyẹn ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi àgbọn àti ẹ̀pà sè, wọn á tún fi ilá sí i. Tí alákàrà náà bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó gbóná, ata ló ń sọ. Wọ́n ní abará náà, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì tí wọ́n sì sè bíi mọ́ínmọ́ín.

Iṣẹ́ ọ̀wọ̀ ni iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà wọ̀nyí sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ọdún 2014 ń bọ̀, tí òfin ìdíje fẹ́ lé wọn kúrò nítòsí pápá Fonte Nova, wọ́n gbógun tì í títí wọ́n fi gba àyè láti tà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ rà lọ́wọ́ wọn, ẹ sì jókòó jẹ ẹ́ nítòsí wọn. Kì í ṣe àwọn ló ń pe àlejò wá ya fọ́tò. Àwọn obìnrin mìíràn wà tó ń wọ yẹ̀rì ńlá fún ìyẹn, owó ni wọ́n ń gbà, iṣẹ́ wọn sì ni. Ẹ béèrè iye kí ẹ tó gbé fóònù sókè, kí ó má baà di ìjà. Bákan náà ni ti àwọn tó ń so ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim mọ́ni lọ́wọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Largo do Pelourinho. Òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà ló fún àdúgbò náà lórúkọ. Ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù tó wà ní ìdagẹ̀rẹ́ náà ni Rosário dos Pretos. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti òmìnira, ló kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, torí pé wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa jọ́sìn lẹ́yìn ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n máa ń lu ìlù nínú ìsìn ìrọ̀lẹ́ wọn. Tí ọkọ̀ yín bá máa pẹ́ níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni Casa do Benin wà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1988 pẹ̀lú àwọn ohun tí Pierre Verger kó jọ láti ilẹ̀ Benin. Ọmọ Faransé ni Verger, Kétu ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nífá lọ́dún 1953, tí wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ilé ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy náà kò jìnnà. Àwọn alágbàṣe èbúté tó ń já ẹrù ọkọ̀ ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1949, wọ́n sì ṣì ń fi ìlù ìjẹ̀ṣà jáde lásìkò Carnaval nínú aṣọ funfun. Ẹ rántí wọn nígbà tí ẹ bá rí àwọn tó ń so okùn ọkọ̀ yín mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣòro sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ òrìṣà. Ẹ̀tọ́ yín ni. Lórí òkè yẹn, Mùsùlùmí ní Licutan, Kristẹni ní Rosário, kò sí ẹni tí kò ní baba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí ẹni tó ti ìlẹ̀kẹ̀ bọ ọrùn. Lọ́dún 1999, ìwé ìròyìn ìjọ kan tẹ fọ́tò Mãe Gilda, ìyálórìṣà kan ní Salvador, jáde pẹ̀lú àkọlé tó pè é ní ẹlẹ́tàn. Àwọn èèyàn lọ bá a jà nínú ilé òrìṣà rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kínní ọdún 2000, ọjọ́ náà sì ni òfin orílẹ̀-èdè yà sọ́tọ̀ lọ́dún 2007 láti máa fi gbógun ti ìkórìíra ẹ̀sìn. Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná. Ẹ̀yin tí ẹ sì nífẹ̀ẹ́ òrìṣà, ẹ má ṣe já wọ inú ilé òrìṣà láìjẹ́ pé wọ́n pè yín, ẹ má sì gbé kámẹ́rà wọbẹ̀. Ilé ìsìn ni, kì í ṣe ibi ìran. Tí ẹnì kan bá sì kọrin fún yín ní Yorùbá tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ẹ má tún un ṣe, ẹ má sì rẹ́rìn-ín. Nínú ìyà ni wọ́n ti pa á mọ́, láìsí ilé ẹ̀kọ́, láìsí ìwé. Ẹ bá a kọ ọ́ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò fún ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà kàn yín. Ẹni tó bá mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ gba físà Bràsíìlì ṣáájú, àwọn ará Amẹ́ríkà náà sì tún ti ń gba tiwọn láti oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ẹni tí kò bá ní in, wọ́n lè má jẹ́ kó wọ ọkọ̀ rárá láti ibi tí ẹ ti ń gbéra. Ẹ fi wúrà yín sílẹ̀ nínú yàrá ọkọ̀. Ẹ mú owó réàlì wẹ́wẹ́ dání, kí ẹ sì ya fọ́tò ìwé ìrìnnà yín sórí fóònù. Ẹ wọ aago ọwọ́, kí ẹ sì fi sí aago ọkọ̀, nítorí pé aago ọkọ̀ lè yàtọ̀ sí ti ìlú, fóònù a sì máa yí ara rẹ̀ padà láìsọ fún yín. Lọ́sàn-án Sátidé àti lọ́jọ́ Àìkú, Comércio máa ń dá páropáro. Ẹ wọ takisí nígbà náà, kódà bí ọ̀nà kò tiẹ̀ jìn. Owó tí ẹ bá yọ nínú ti bọ́ọ̀sì, ẹ fi gba atọ́nà kan tó jẹ́ ọmọ ìlú náà, ẹni tó mọ ìtàn àwọn dúdú ibẹ̀, kí ẹ sì ti bá a ṣe àdéhùn kí ẹ tó kúrò nílé.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọjọ́ tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tì lọkọ̀ yín dé, ẹ má banú jẹ́. Láti Terreiro de Jesus, takisí á gbé yín dé Dique do Tororó láìpẹ́, adágún omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Fonte Nova. Lójú omi níbẹ̀ ni ère àwọn òrìṣà tí Tatti Moreno ṣe lọ́dún 1998 dúró sí: Ṣàngó, Ọ̀ṣun, Yemọja, Nàná àti àwọn tó kù. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí awakọ̀ dúró dè yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dá ère kọ̀ọ̀kan mọ̀ fúnra wọn, kí ẹ sì padà sí èbúté nígbà tí wákàtí méjì bá ṣì kù kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ yín